Ẹni Tó Mọ Ìrékọjá Ju Júù Lọ

Olúfọlákẹ́ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí i sí, láti ìgbà tó sì ti ń gbé ní Rippleside nílùú òyìnbó, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Ísírẹ́lì tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọlé tọ àwọn arúgbó: kó wẹ̀ wọ́n, kó fún wọn lóògùn, kó gbé oúnjẹ sínú máíkírówéfù, kó jáde. Àkókò tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó láti se ẹyin kí èèyàn sì bó o.

Aaron, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, tó ń gbé nítòsí Becontree Heath, ni Júù àkọ́kọ́ tó fojú rí. Ó ti ń retí ẹni bí Ábúráhámù. Ẹni tó bá nílé ni bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ to mọ́tò ní Dagenham, tó sì ti jẹ ẹlẹ́dẹ̀ díndín ní kántíìnì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í lọ sí sínágọ́gù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn Júù àdúgbò sì ti kó lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú jíjẹ́ Júù ni ọ̀sẹ̀ Ìrékọjá. Láti kékeré, ìwúkàrà kò kan ẹnu rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn rí. Nínú gbogbo òfin àwọn baba rẹ̀, èyí nìkan ni kò rú.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò lè dá se ọbẹ̀ adìẹ tí ìyá rẹ̀ máa ń sè, èyí tí wọ́n ń ju ìyẹ̀fun róbótó róbótó sí. Dókítà sì ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò ní gbé e dé Ìrékọjá mìíràn.

"Fọlá, bá mi sè é," ni Aaron wí. "Ìyẹ̀fun mátsà ni o, búrẹ́dì aláìwú tí wọ́n lọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ń tà á ní Gants Hill. Má fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíìsì nìkan. Àlìkámà tó bá ti kan omi, tí wọn ò yára yan án, ìwúkàrà ni."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ́kísódù orí kejìlá, mo mọ̀ ọ́n lórí."

"Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọbẹ̀ ìyá mi sí?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ kọ́ mi ní Bíbélì?"

Aaron rẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ kò ṣàwàdà.

Kò lọ sí Gants Hill. Bọ́ọ̀sì méjì ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Semo wà nílé rẹ̀, kò sì sí yíìsì nínú semo. Ó fi ẹyin àti ọ̀rá adìẹ pò ó, ó ṣù ú róbótó, ó jù ú sínú ọbẹ̀. Bíbélì ní kí wọ́n jẹ ewé kíkorò, nítorí náà ó bọ ewúro lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní ìfẹ́. Ìgbéraga ni.

Ní alẹ́ ọdún, Aaron wọ táì. Ó gbé ewúro sẹ́nu, ó wúkọ́.

"Fọlá! Ẹrú Fáráò gan-an ò jẹ èyí tó korò tó báyìí!"

Lẹ́yìn náà ó tọ́ ọbẹ̀ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Fọlákẹ́ délé, ọmọ rẹ̀ Mìdé ṣí ìkòkò èyí tó kù.

"Mọ́mì, kí lẹ fi ṣe róbótó yìí?"

"Semo. Kò ní yíìsì."

"Jeez! Àlìkámà ni semo! Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá semo yẹn. Wọ́n kọ́ wa nípa Ìrékọjá níléèwé: ohun tí Júù ò gbọ́dọ̀ jẹ gan-an nìyẹn. Mọ́mì, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá yẹn."

Fọlákẹ́ yí ọ̀rá náà padà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Gbogbo ohun tí Aaron ti sọ fún un padà wá sí etí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Kò da ọbẹ̀ náà nù. Ní ọjọ́ kejì, ó rọ ìyókù sínú kúlà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ pọ̀ lọ́kàn: ẹ forí jì mí, Bàbá, mi ò mọ̀ ni. Ó bá Aaron nídìí tábìlì, pẹ̀lú táì lọ́rùn, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Mo pe ọmọ mi ní Ọsirélíà," ni Aaron wí. "Mo sọ fún un pé mo tún pa òfin Ìrékọjá mọ́ lọ́dún yìí. Kí ikú wá nígbà tó bá wù ú." Ó wo kúlà náà. "Ìyẹ̀fun Gants Hill nìyẹn, àbí?"

Àìmọ̀ ni ti àná. Fọlákẹ́ ṣí kúlà, ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ Aaron.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Aaron gbàdúrà ní èdè àwọn baba rẹ̀, ó sì jẹun. Nígbà tí abọ́ gbẹ, ó ní kó fi kún un. Fọlákẹ́ fi kún un.