Òkúta Tó Ń Tan Ọwọ́ Jẹ

"Kí ló kọ?"

Ìyá bàbá mi kì í gbójú sókè bí wọ́n bá ń bi mí bẹ́ẹ̀. Àwo tánganran tó ti fọ́ ló wà lọ́wọ́ òsì wọn, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n sì ń fi òkúta ha ìdí rẹ̀ níbi tí kò ti dán. Ariwo yẹn máa ń kan mí léyín. Mo tẹ̀ sílẹ̀, mo wo ìlà tí òkúta náà fà.

"Dúdú ni, Màmá. Dúdú bí ìdí ìkòkò."

"O káre. Jù ú sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀."

Òkúta tìróò ni à ń ṣà, kí Màmá tó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Ní àdúgbò wa l'Ọ́fà nígbà náà, tìróò Màmá ni ìyàwó tuntun ń lé. Ọkùnrin Hausa kan ló máa ń gbé òkúta náà wá nínú àpò, á jù ú sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, eruku á sọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì máa kọ mànà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ wo àwọn ẹlẹ́tàn, gbogbo wọn ló ti para wá."

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé òkúta lé àtẹ́lẹwọ́, nítorí tìróò kéré lójú ṣùgbọ́n ó wúwo. Wọ́n á fi kọ́bọ̀ ha á. Tìróò rọ̀, kọ́bọ̀ á wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wúrà le koko ní tirẹ̀. Bí o bá fi òòlù lù ú, á ta iná, á sì máa rùn bí ìṣáná. A ní mágínẹ́ẹ̀tì kan tí a yọ lára rédíò tó ti kú. Òkúta tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, a ó jù ú síta. Tìróò gidi, bó bá fọ́, onígun mẹ́rin kéékèèké bí àpótí ló ń fọ́ sí. Ọ̀kan ló wà tó ń tan ọwọ́ jẹ: ó wúwo, ó ń ṣí pẹ́lẹ́ńpẹ́lẹ́, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ìka. Ìdí àwo nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀, torí pupa bí osùn ló ń kọ.

Èmi ọ̀hún, mo ti gbà pé iṣẹ́ ni Màmá ń kọ́ mi, inú mi ń dùn, mo ń ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ ilé. Àfi ọjọ́ tí mo bá Màmá tí wọ́n ń ha òkúta sójú àwo níbi tó ti ń dán, tí wọ́n sì ń bi mí ohun tó kọ. Kò kọ nǹkan kan. Mo wo ojú wọn dáadáa, mo rí i pé funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì.

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún bàbá rẹ o. Bó bá gbọ́, á gba ọlọ lọ́wọ́ mi. Kí ni n ó wá máa fọwọ́ mi ṣe?"

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ìdí àwo yẹn ti ń bà mí, torí ojú mi nìkan ló kù tó ń rí ohun tó kọ.

Nígbà tó yá, obìnrin kan ládùúgbò fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó wá gba tìróò lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó sì jókòó dè é. Òkúta kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Màmá gbé e wò, ó wúwo. Wọ́n fi kọ́bọ̀ ha á, ó rọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Wọ́n wá fi ha ìdí àwo.

"Kí ló kọ?"

Mo gbé àwo náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. "Dúdú ni, Màmá." Mo tún wò ó. "Ó tún fẹ́ pupa díẹ̀."

"Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Bí mo bá ní dúdú, bóyá ohun tí kì í ṣe tìróò ni yóò wọ ojú ìyàwó. Bí mo bá ní n kò mọ̀, àṣírí Màmá tú.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Alhaja, ẹ kúkú wò ó fúnra yín."

Màmá na ọwọ́, wọ́n wá ojú mi kàn, wọ́n sì fọwọ́ kan omijé. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n yíjú sí àlejò.

"Ìyá ìyàwó, n kò ríran mọ́. Ó ti pẹ́. Ọmọ yìí ló ń bá mi wò ó, mo sì ti gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí. N kò ní fi ohun tí kò dá mi lójú sójú ọmọ olọ́mọ. Ẹ dákun, ẹ wá tìróò síbòmíràn."

Mo rò pé obìnrin náà á bínú. Ó sún mọ́ Màmá, ó di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ̀yin lẹ lé tìróò fún èmi náà lọ́jọ́ yìgì mi. Bí kò bá ti jẹ́ tiyín, kó má sì sí." Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ṣe lọ so yìgì láìlé tìróò.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi, wọ́n sì gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, níbi tí àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú wọn, Màmá gbá mi lágbọ̀n mú, wọ́n wò mí títí. "Ṣé bó o ṣe rí nìyí? O ti dàgbà lójú mi, n kò mọ̀." Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Kò sì sẹ́ni tó gba ọlọ lọ́wọ́ wọn.

Màmá ti lọ báyìí. Mo ti wá mọ̀ pé òjé ni òkúta tìróò, àwọn dókítà ní kò dára fún ojú, n kì í sì í lé e fún àwọn ọmọ mi. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kì í ṣe tìróò. Ohun náà ni pé àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún gba ìtìjú lójú àlejò, kí ọmọ kékeré kan lè sinmi. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ẹnì kan dénú, mo máa ń bi ara mi bóyá mo lè gba irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn tí mo lè gbà á fún kò pọ̀.