Ẹ̀jẹ̀ Ẹlòmíràn Lórí Fóònù Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú lulẹ̀ láàárín ọjà Adjamé, tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù láìmọ ẹni tó gbé mi, n kì í jẹun àárọ̀ kí n tó gún ìka. Àtọ̀gbẹ ni àwọn dókítà bá lára mi. Ọmọ tí mo bí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò dá a mọ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí, tó sì padà, kì í fi ẹ̀rù ṣe ẹlẹ́yà mọ́.

Nígbà tí mo ń padà sílé, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Bí mo bá gún ìka, tí mo kán ẹ̀jẹ̀ sí i, iye ṣúgà ara mi á hàn. Kò ní pẹ́, á ti bọ́ sórí fóònù mi, á sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi. Tó bá dára, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sí mi pé, "C'est bon, Tantie," ìyẹn ni pé ó dára, àǹtí, ní Faransé tí wọ́n ń sọ níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń jẹ láàárọ̀, kí n tó kan ẹ̀kọ.

Abọ́ oníke ni mò ń tà. Ìyá kan láti Ìgbòho ló wà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi, ìkòkò ni wọ́n ń tà. Nítorí pé ìlú wọn ni ọkọ mi ti wá, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Ní ìlà ìsọ̀ tiwa, kò sí ohun tó ń jẹ́ tèmi nìkan. Bùtá wọn ni mo fi ń ṣe àlùwàlá, ṣájà mi sì ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tí orí bá ń fọ́, aládùúgbò ló máa fún un lóògùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá rí mi tí mò ń nu ẹ̀rọ náà.

"Ìyàwó, ẹ̀rù ń bà ọ́ ju àgbò iléyá lọ. Gbé e wá, kó wo tèmi náà."

"Ìyá, kì í ṣe ohun ìṣeré o."

"Ta ló fẹ́ bá a ṣeré? Àbí wúrà ni?"

Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo gún wọn. Mẹ́rin àti díẹ̀ ló jáde, gíráàmù ni wọ́n fi ń kà á níbí. Tèmi kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan àti díẹ̀ lọ kí nọ́ọ̀sì tó yìn mí. Mo wo ọwọ́ Ìyá, mo rí i pé máńgòrò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán.

"Máńgòrò lẹ fún ẹ̀rọ jẹ, Ìyá."

A rẹ́rìn-ín, mo kó ẹ̀rọ mi sápò. Ni fóònù bá dún. Nọ́ọ̀sì ni, ohùn rẹ̀ kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fi Faransé sọ ọ́ wéréwéré: "Tantie, ẹ jókòó. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé ẹ ń bì? Mẹ́rin ni mo rí níbí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín abọ́. Òùngbẹ gbẹ mí lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń wo àyíká, mò ń wá ẹni tó máa gbé mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ẹ̀jẹ̀ mi kọ́, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ti òwúrọ̀ dára. Kí lẹ wá jẹ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Èmi kọ́ ni," mo wí. "Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni."

Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ Ìyá, kí n tún un wò.

Mo yíjú sí wọn. Ọ̀rá omi mìíràn ni wọ́n tún ń já. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mu omi báyìí, tí wọ́n ń ní kí n bá àwọn wo ọjà kí àwọn lọ tọ̀. Mo ti rò pé ooru ni. A fọ ọwọ́ náà dáadáa, mẹ́rin ló tún jáde. Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù kíá.

"Ta ló máa ṣọ́ ìkòkò mi?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí wọn, Ìyá. Ẹ dìde."

Nínú takisí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Dókítà ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀nà tí mo gbà ni Ìyá náà ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn jáde ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bá mi wí pé a kì í yá ẹlòmíràn ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó pa ẹ̀jẹ̀ Ìyá rẹ́ kúrò lábẹ́ orúkọ mi, ó sì bá wọn wá ẹ̀rọ tiwọn.

Nísinsìnyí, kí a tó ṣí ìsọ̀, ohùn Ìyá ni mo máa ń gbọ́.

"Ìyàwó, mélòó?"

"Ọ̀kan àti díẹ̀, Ìyá. Tiyín ńkọ́?"

Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, mo máa ń na ọrùn wo ìsọ̀ wọn.

"Mo fi díẹ̀ jù ọ́ lọ. Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó ń ṣí ẹ̀kọ mi.