Òkúta Ìpọ́nrin Etí Odò Wa

Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ òórùn irin rí, nígbà tí wọ́n bá ń pọ́n àdá lórí òkúta tútù ní ìdájí? Òórùn yẹn ni mo fi mọ etí odò ìlú wa, ní apá Ìkọ̀lé, níbi tí òkúta pẹlẹbẹ kan wà láàárín igi obì méjì. Àwọn tó tẹ ìlú dó ti pọ́n irin lórí rẹ̀ títí ojú ibẹ̀ fi jinnú, tí ọmọ ọwọ́ fi lè tẹ́ apá sínú rẹ̀. Agbo ilé kan tó ń bọ Ògún ló ni ín, ìlànà wọn sì le: a kì í fi í han àlejò láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bomi tútù sí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ìgbafẹ́ gba etí odò náà, kí àwọn àlejò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀yẹ́ lè máa wá wo àwọn ibi àtayébáyé wa, èmi ni ìlú yàn láti mú agbaṣẹ́ṣe káàkiri. Inú mi dùn jọjọ. Mo fi ojú ibodè àtijọ́ hàn án, mo fi kòtò aró hàn án, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ fún pátákó tí yóò júwe ọ̀nà. Nígbà tí a dé ìdí obì, níbi tí òkúta pọ̀ lọ súà, n kò nàka. Mo ní, “Òkúta àwọn baba ńlá wa ń bẹ níhìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀túnla kí n tó fi hàn yín.” Mo ti yà ní ilé olórí agbo ilé náà, ẹni tí mo mọ̀ pé ó ń bomi sí i, ṣùgbọ́n ó ti lọ kí àna rẹ̀ ní Ùsì.

Agbaṣẹ́ṣe bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Baba yìí! Òkúta ni àbí ìyàwó tuntun?”

Lọ́túnla, tí èmi àti olórí agbo ilé gbé igbá omi dé ibẹ̀, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé ìyàgbẹ́ àwọn àlejò lélẹ̀ láàárín igi méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi òòlù fọ́ òkúta wa wẹ́wẹ́, wọ́n ti pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì.

“Baba, ẹ ò fi hàn wá,” ni agbaṣẹ́ṣe wí. Kò purọ́.

Olórí agbo ilé rọra gbé igbá kalẹ̀, ó kọjú sí mi. “Àbúrò, ta lo bá ní ulé mi nígbà tí mo lọ sí Ùsì?”

“Ìyá wa, ìyàwó yín, ni.”

“Ṣé ọwọ́ rẹ̀ rọ ni? Bí n kò bá sí ńlé, ta lo rò pé ó ń bomi sí i?”

Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú títí di òní. Mo bínú sí agbaṣẹ́ṣe, mo bínú sí òòlù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó, ara mi ni mo ń bínú sí. Èmi tí mo ń fi àṣà yangàn láwùjọ, àbọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo ka dídákẹ́ sí ọ̀wọ̀, n kò sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó wà nílé.

Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀. “Òkúta Ìpọ́nrin” ni wọ́n kọ sí i, ọfà rẹ̀ sì kọjú sí ilé ìyàgbẹ́. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọn kò fa omi débẹ̀.