Àyè Àárín Níwájú Impala

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ ọkọ̀ tí kì í dún, òórùn bẹntiróòlù kò lè ṣe yín bó ṣe ń ṣe mí. Láàárọ̀ àná, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé mi ní Laurelton nílùú òyìnbó níbí, ni bàbá ará Jàmáíkà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi bá ṣí gáréèjì rẹ̀, ó sì sítáàtì Impala àtijọ́ tó ti ń tún ṣe látìgbà òtútù. Òórùn bẹntiróòlù, àti ti àga aláwọ tí oòrùn ti pa. Kí n tó mọ̀, owú ti ru sókè nínú mi. Èmi, ìyá àgbà! Owú tó ti wà lára mi láti kékeré ni, ní Tremont, àdúgbò tí mo gbé dàgbà.

Impala kì í ṣe ọkọ̀ olówó o. Ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà ni, ìgbà tó sì fi dé ọwọ́ Bàbá Fúnmi, bàbá ọ̀rẹ́ mi, ó ti gbó díẹ̀. Àmọ́ ó gùn, ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Iwájú rẹ̀ kò ní àga méjì bíi tòde òní. Àga gbọọrọ kan ni, bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Fúnmi máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó lọ́jọ́ Sunday, kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà èmi àti Fúnmi ti pín iwájú kí ọkọ̀ tó délé: tirẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tèmi ni àárín. Mo ti ń rí ara mi níbẹ̀ lójú oorun.

Ọjọ́ tí wọ́n wẹ mọ́tò ló bà á jẹ́. Ẹ mọ àwa Yorùbá, a kì í kàn gun ọkọ̀ tuntun lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ yí Impala ká ní ẹ̀bá títì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n da omi àti òróró sí i títí ó fi ń kán. Ni Bàbá Fúnmi bá ní ìbejì ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó, kí ọkọ̀ náà lè mú ire wá. Ìbejì wo? Kẹ́hìndé ni, ọmọ ìbátan wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, tí ìkejì rẹ̀, Táyé, ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn. Wọ́n gbé e sí àárín. Àárín mi! Látọjọ́ náà, ibẹ̀ di tirẹ̀.

Mo jowú gan-an. Mo jowú etí rẹ̀ tí Fúnmi ń sọ̀rọ̀ sí. Mo bi màmá mi pé kí ló dé tó fi bí èmi nìkan, tí kò bí mi ní ìbejì. Ó ní, "Lọ fọ abọ́ jàre." Láti àga ẹ̀yìn, mo máa ń rí i pé Kẹ́hìndé kì í jókòó dáadáa: á fún ara rẹ̀ mọ́ Fúnmi, á fi àlàfo sílẹ̀ lápá ibi tí Bàbá Fúnmi ti ń wakọ̀. Fáàrí ni mo pè é.

Lọ́jọ́ kan, kí á tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kẹ́hìndé yíjú sí mi. "Wá jókòó síbi Táyé, kó tó dé."

Àṣé àyè Táyé ni àlàfo yẹn! Mo wọlé wéré. Gbogbo títì là sílẹ̀ níwájú mi, Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, bàbá sì ń pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kan jíà mi o!" Inú mi dùn, àmọ́ owú ò kúrò, torí wọ́n kàn yá mi ni. Nígbà tí Táyé dé, mo padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ará ilé Fúnmi kó lọ sí Port Richmond tó jìnnà sí wa, tàwọn ti Impala. Àwọn ìbejì padà sílé, sí Abẹ́òkúta. Fúnmi, ọ̀rẹ́ ọkàn mi, ti dolóògbé. Lónìí, ibi tí wọ́n ń gbé ife kọfí sí ló wà ní àárín ọkọ̀ mi.

Láàárọ̀ àná yẹn, bàbá ará Jàmáíkà rí i bí mo ṣe ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wọlé, kó fi mí yí àdúgbò ká. Mo bi í bóyá ẹnì kan ló ni àárín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ni ín.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo wẹ̀yìn, mo ń wá ẹni tí màá jowú. N ò rí ẹnì kankan.