Làpálàpá Apá Ìyá Ọkọ Mi

Kí n tó bí àkọ́bí mi, kò sí ohun tí ìyá ọkọ mi ń sọ ju bí wọn yóò ṣe máa pọ̀n ọ́n kiri lọ. Àmọ́ ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n jókòó tí wọn ò fi gbé e mọ́. Wọ́n ya abọ́ tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n ń dá jẹun. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n kàn ní kí n dìde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlọ́bù. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, mo sì rí nǹkan roboto bí òrùka lápá wọn. Etí rẹ̀ ga, ó ń bó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Màmá, kí lèyí?"

Wọ́n sáré fa aṣọ bò ó. "Ìyàwó mi, má sọ fún ọkọ rẹ. Ẹ̀tẹ̀ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn. Inú oko ni wọ́n kọ́ ahéré fún un sí, ibẹ̀ ló sì kú sí."

Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ wọ́n rí wọn, nítorí náà ilé ìwòsàn tó wà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun la lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pọn ọmọ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ṣé ó ń yún yín?"

"Ó ń yún mi gan-an, pàápàá tí mo bá làágùn."

"Ó dáa, ẹ dijú. Ibi tí nǹkan bá ti kàn yín, ẹ fìka kàn án."

Ó fi òwú kan etí nǹkan roboto náà, ó fi kan àárín rẹ̀. Màmá ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

"Ojú ẹ̀tẹ̀ kì í sábà mọ̀ tí nǹkan bá kàn án, Màmá. Làpálàpá lèyí."

"Làpálàpá? Èyí tó ń wà lórí àwọn ọmọdé?"

"Òun náà ni. Ó ń mú àgbà." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá ọmọ, kí ló wà lọ́rùn yín yẹn?"

Mo ní ooru ni, pé páúdà ni mo ń fi sí i. Ó wò ó, ó ní làpálàpá ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ó fún wa ní oògùn ìpara, ó ní ká má dá a dúró bí ó bá tiẹ̀ ti ṣíwọ́ yíyún, ká má sì jọ lo táwẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí Màmá máa wọ aṣọ alápá gígùn tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ.

"Èyí tí mo wọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ó tó, Màmá."

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn mi. Ó sunkún ọmú nínú mọ́tò, wọn ò gbé e fún mi bọ̀rọ̀.