Ọjọ́ Tí A Fa Àwọ̀n Nínú Wọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní etí òkun Badagry yóò sọ fún yín pé èmi yìí ni mo fi ehín fa ọkọ̀ ojú omi láti Topo dé èbúté ìlú. Ọkọ̀ náà kún fún àgbọn dé ẹnu, obìnrin mẹ́fà jókòó lórí àgbọn náà, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ewúrẹ́ sórí itan. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ewúrẹ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ehín méjì tí kò sí níwájú ẹnu mi ni ẹ̀rí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú alágbára tó ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ rántí ni bí ọmọ kékeré kan, tó ṣì ń wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ṣe fi agbára hàn mí.

Ọmọ ọmọ mi ni. Bàbá rẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Mowo. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ègùn láti Apa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Nígbà tí àìsàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ibà ni a kọ́kọ́ pè é. A fún un lóògùn ibà, ó lọ, ó tún padà. Ẹsẹ̀ ń dun ọmọ náà, ojú rẹ̀ ń funfun, ara rẹ̀ sì ń yọ àmì dúdú dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹrin, tí mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀, mo ní aràn ni. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro Èkó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé kì í ṣe aràn. Kò bínú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ó wu èmi náà kó jẹ́ aràn."

Ó ṣàlàyé fún wa pé oògùn wà fún un, àmọ́ ìrìnàjò rẹ̀ gùn. A ó máa wá, wọn á fi abẹ́rẹ́ kán oògùn sí i lára, a ó padà sílé, a ó tún wá. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé a kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lágbedeméjì. Bí a bá dáwọ́ dúró, àrùn náà lè padà, yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ilé wa ṣe yí padà nìyẹn. Ìyá ọmọ ń se gbogbo omi kó tó fún un mu. A ń fọwọ́ ju ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lọ. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò lè pa lẹ́nu mọ́ ní gbogbo etíkun yìí, ìyàwó ọmọ mi ń sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wúkọ́ níta." Mo ń lọ wúkọ́ níta. Nínú mọ́tò tí a bá ń ti Èkó bọ̀, orí ọmọ á wà lórí itan ìyá rẹ̀, ọ̀rá dúdú tó ń bì sí á wà lọ́wọ́ mi. Irun rẹ̀ re tán. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Bàbá, mo ti jọ yín." Mo ní, "Rárá o, èmi lẹ́wà jù ọ́ lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a fẹ́ padà lọ, ọmọ náà di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Ó ní, "Mi ò lọ mọ́."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó bẹ̀ ẹ́ ní Ègùn. Bàbá rẹ̀, tó máa ń bá gbogbo ọmọ garéèjì Mowo jà, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún. Èmi wá lo irin iṣẹ́ tèmi. Mo ní wọ́n ti fún èmi náà ní abẹ́rẹ́ yẹn rí, pé ó tóbi tó àjẹ̀, pé inú ojú ni wọ́n gún un sí.

"Ojú wo?"

Mo fi ọ̀tún hàn án. Ó sún mọ́ mi, ó wò ó dáadáa. "Kò sí àpá níbẹ̀. Bàbá, ẹ tún ti ń parọ́."

Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń fa àwọ̀n ńlá lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n náà jìnnà sójú òkun, okùn rẹ̀ á wà lórí iyanrìn, àwọn èèyàn á tò sídìí okùn, wọn á máa fà á bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan okùn yẹn kí ẹja tó jáde, ìbáà jẹ́ àlejò, ó ní ìpín. Ẹni tó bá dúró wòran, kó lọ ra tiẹ̀. Kí àìsàn tó dé, ọmọ yìí máa ń dúró sẹ́yìn mi, á di okùn mú, kò sì ní fa nǹkan kan, àmọ́ á gbé abọ́ wá gba ìpín.

Ó ní, "Èmi nìkan ni mò ń fà á. Ẹ̀yin kàn dúró, ẹ ń wò mí bí àwọn tó fẹ́ ra ẹja."

Ìyá rẹ̀ gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. "Bí a bá bá ọ dì í mú ńkọ́?"

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

"Bàbá náà?"

"Bàbá náà."

"Kí wọ́n má kàn máa pariwo o." Ó tú ọwọ́ kúrò lára bẹ́ẹ̀dì.

Mo sáré gé okùn àwọ̀n gidi dání. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ọmọ Èkìtì kan tó sanra, ti gbóòórùn mi kí n tó wọlé. "Bàbá, kí lẹ gbé wá síbí?"

"Okùn ni."

"Okùn wo ló ń rùn báyìí?"

"Okùn tó ń bọ́ ìdílé wa."

"Ẹ jẹ́ kó lọ máa bọ́ wọn níta."

Òun ló jàre, nítorí ara àwọn ọmọ ibẹ̀ kò lè gba ìdọ̀tí kékeré. Ìyá ọmọ wá yọ ìró kan tó fọ̀ tó sì lọ̀ nínú àpò, ó lọ́ ọ bí okùn. Ọmọ náà fi ọwọ́ tí kò ní gba abẹ́rẹ́ di orí rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ dì í, bàbá rẹ̀ dì í, mo dì í. Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ ọmọ, ó gbé abẹ́rẹ́. Ni mo bá dá orin tí a fi ń fa àwọ̀n, gíláàsì fèrèsé ń mì: "Mì dọ̀n!" Èdè Ègùn ni, ó túmọ̀ sí ẹ fà á. Ọmọ náà gbè é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní, ẹ̀rù tó dùn. Ìyá ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì dìde, ó tú ìró òkè rẹ̀, ó so ó mọ́ tiwa, ó fi etí rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn tún so tirẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi yí wọ́ọ̀dù náà po, láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ tí kò lè gbórí sókè ń fi ìka di tiwọn mú, ètè wọn ń mì, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ Ègùn tí wọn kò gbọ́ rí. Mo ti rí òkun nígbà tó bínú, tó gbé ilé lọ. Kò tóbi tó yàrá yẹn. Nọ́ọ̀sì lẹ bándéèjì mọ́ abẹ́rẹ́ tán, ó rọra fi ìka méjì kan aṣọ náà. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ ìpín."

"Ẹ má tíì jù ú sílẹ̀ o," ni ọmọ náà wí. "Ó ṣì wà lójú omi."

A kò jù ú sílẹ̀ títí oògùn fi kán tán. Lẹ́yìn náà ó rún bisikíìtì rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ. Tèmi kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Mo ṣàròyé. Ó ní, "Ẹ ò fà tó."

Àwọn ọjọ́ tó burú tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ ibà, ọjọ́ èébì. Kò kọ̀ láti lọ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó di aṣọ náà mú ló padà sílé, mi ò sì lè fi ìyẹn ṣàwàdà. Òun parí oògùn rẹ̀. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí, irun rẹ̀ ti kún, a ṣì ń gbé e lọ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo bá sọ ìtàn yìí, wọ́n máa ń bi mí èwo ni irọ́ ibẹ̀. Wọ́n rò pé ti aṣọ tó yí wọ́ọ̀dù po ni. Òótọ́ ni ìyẹn. Ibi tí mo ti parọ́ ni ibi tí mo ti ní èmi ni mo dá orin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́, ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Ọmọ náà yíjú wò mí, ó rí i pé mi ò lè ṣe é. Ó wá dá orin náà fúnra rẹ̀. Èmi ni mo gbè é.