Ìrọ̀lẹ́ Tí Màmá Mi Pa Iná Ọjọ́ Ìsinmi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Houston, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ ṣe ń sùn nínú ìsọ̀jí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń sùn nínú sínágọ́gù. Júù ni bàbá mi. Ìjẹ̀bú ni màmá mi, àmọ́ wọ́n ti ṣèrìbọmi gba ẹ̀sìn Júù kí wọ́n tó bí mi, lọ́dọ̀ àwọn Reform, ìjọ Júù tí òfin wọn rọ̀, àwọn tó ń wa mọ́tò lọ sìn ní Sátidé, tí wọ́n á tún yà sí mall tí wọ́n bá ń bọ̀. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò la fi ń bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìsinmi nírọ̀lẹ́ Jimọ̀. Màmá mi á tan àbẹ́là, wọ́n á wá máa gbàdúrà lédè Hébérù bí ẹni ń nájà.

Àfi bí iná ẹ̀sìn ṣe dédé ran bàbá mi. Wọ́n ní Orthodox ni ká dà, àwọn Júù tó ń pa gbogbo òfin mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ẹ gbà mí o! Kò ní sí bọ́ọ̀lù Sátidé mọ́, kò ní sí edé nínú ẹ̀fọ́, ẹsẹ̀ la ó sì máa fi rìn nínú ooru yìí. Èyí tó dun màmá mi jù ni pé àwọn Orthodox ò ka ìrìbọmi wọn sí. Bí ìyá ò bá sì jẹ́ Júù, ọmọ náà kì í ṣe Júù. Èmi tí mò ń gbààwẹ̀ ọdọọdún, ó kéré tán títí di aago mẹ́wàá àárọ̀!

Nírọ̀lẹ́ Jimọ̀ kan, ìdílé Orthodox kan ní àdúgbò Fondren Southwest pè wá wá jẹun. Bàbá mi gbé mọ́tò pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, a wá fẹsẹ̀ rìn wọlé bí ẹni mímọ́. A ti ń jẹ ẹja nígbà tí màmá mi lọ sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà mọ ìyá Yorùbá àti owó iná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọ́n rí iná tó ń jó lásán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bá pa á. Háà! Bọ́tìnnì yàrá ìjẹun ni wọ́n tẹ̀, iná orí wa ló kú.

Màmá mi sáré fẹ́ tàn án padà, gbogbo ilé pariwo, torí Júù kì í tan iná ní Ọjọ́ Ìsinmi. Òfin yẹn ò sì de ẹni tí kì í ṣe Júù.

Màmá mi kò kúrò nídìí ògiri. Wọ́n ní, "Ẹ ṣáà ní èmi kì í ṣe Júù. Ẹ jẹ́ n tan iná yín nígbà náà. Tó bá sì jẹ́ pé Júù ni mí, ẹ sọ ọ́, kí n jókòó."

Bàbá mi ń wúkọ́. Nígbà tó yá, bàbá onílé, arúgbó onírùngbọ̀n, rọra sọ pé, "Ẹ má tàn án, ìyá. Ẹ wá jókòó."

Màmá mi jókòó, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa imú. Inú mi dùn débi pé mo fi fọ́ọ̀kì gún ara mi létè. Bàbá mi ti rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun màmá mi tó, wọn ò dárúkọ Orthodox nílé wa mọ́.

Lónìí, ìlú Katy lẹ́bàá Houston ni mò ń gbé, mi ò sí lọ́dọ̀ Orthodox, mi ò sí lọ́dọ̀ Reform. Sátidé ni mo fi ń fọṣọ, ọmọ mi sì ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ láìsí wàhálà. Nígbà yẹn, àwọn àgbàlagbà ń fa ọ̀rọ̀ lórí bóyá Júù ni mí. Ti ọmọ mi, kò sẹ́ni tó béèrè. Òmìnira tí mo ń wá kiri nìyẹn, mo sì ti rí i. Síbẹ̀, ó ń dùn mí.